Kámẹ́rà Tó Ń Wo Ilẹ̀: Pierre Fátúmbí Verger, Èjìgbò, àti Ilé Tó Wà Lẹ́yìn Òrìṣà

Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn àti àṣà Yorùbá láti máa lo àwòrán Pierre Fátúmbí Verger gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé báyìí ni ọdún òrìṣà kan ṣe rí ní ìlú kan ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, a ó ṣí ìwé rẹ̀, a ó nawọ́ sí àwòrán, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni kí a dúró níwájú àwòrán náà bí a ṣe ń dúró níwájú ère tàbí ewì, kí a bi í léèrè pé: irin-iṣẹ́ wo ni a fi ṣe ọ́, kí sì ni irin-iṣẹ́ náà jẹ́ kí ẹni tó yà ọ́ rí, kí ni kò jẹ́ kí ó rí?

Kò sí iyèméjì pé Verger ju ayàwòrán lọ. A bí i ní Paris ní 1902, ó sì kú sí Salvador ní Bahia ní 1996. Ó di babaláwo ní Kétu ní 1953, níbi tí ó ti gba orúkọ Fátúmbí. Ó kọ ìwé ńlá lórí òwò ẹrú láàrin etí òkun Benin àti Bahia, èyí tó jáde ní 1968, ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ló kọ́kọ́ mú wá. Nígbà tí ilé ìwádìí IFAN ní Dakar fún un lówó ìwádìí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti yà tí a sì ti fọ̀, ni ó kó wá gẹ́gẹ́ bí èsì. Théodore Monod tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sọ pé èyí nìkan kò tó, àfi kó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti borí àwòrán nínú bí a ṣe ń ka iṣẹ́ rẹ̀.

Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a fi ṣe ibùdó àyẹ̀wò yìí, fún ìdí méjì. Èkíní, Verger ya ọdún Òrìṣà Ògìyán níbẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Orixás tó jáde ní 1981. Nípasẹ̀ ìwé yìí, ọ̀pọ̀ olórìṣà ní Brazil tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Èjìgbò rí ló mọ orúkọ ìlú náà. Èkejì, Èjìgbò kì í ṣe ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wo òkè tàbí ilé àràbarà rẹ̀. Nítorí náà, ó ṣe é fi dán ọ̀rọ̀ wò: bí ayàwòrán bá dé irú ibẹ̀, kí ni yóò kà sí ohun tó yẹ ní yíyà? Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kámẹ́rà tó fi iyì fún ènìyàn àti òrìṣà nínú àwòrán Verger náà ló ti ilé àti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n títóbi fíìmù rẹ̀ gba díẹ̀ là nínú ohun tí ìdúró kámẹ́rà fẹ́ gbé sọnù, iṣẹ́ àwa onímọ̀ sì ni láti lọ wá a jáde.

Irin-iṣẹ́ náà àti ìṣesí rẹ̀

Rolleiflex ni Verger fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Franke & Heidecke ní Braunschweig, ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé irú kámẹ́rà yìí jáde ní 1929, Verger sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣiṣẹ́ ní 1932. Ìwọ̀n alábọ́dé ni fíìmù rẹ̀. Ó tóbi ju fíìmù 35mm tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń lò káàkiri ìgboro kí kámẹ́rà orí fóònù tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó kéré ju fíìmù pẹlẹbẹ inú kámẹ́rà onípákó, èyí tí àwọn àgbà onífọ́tò máa ń gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á sì fi aṣọ dúdú bo orí kí wọ́n tó yà. Bí a bá wọn ojú àwòrán kan lórí fíìmù 35mm, mìlímítà 24 sí 36 ni. Ti Rolleiflex jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 56 sí 56. Èyí túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ti 35mm lọ, ó sì lè gba ohun kéékèèké púpọ̀ sí i mọ́ra: ojú ìlẹ̀kẹ̀, ìlà ojú, ìlà ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ògiri.

Lẹ́ńsì méjì ni kámẹ́rà yìí ní, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè ni ayàwòrán fi ń wòran, ti ìsàlẹ̀ ló ń ya àwòrán. Dígí kan wà nínú rẹ̀ tó ń ju ohun tí lẹ́ńsì òkè rí sórí gíláàsì tó wà ní orí kámẹ́rà. Ayàwòrán kì í gbé e sójú, ìdodo tàbí àyà ló ń gbé e sí, yóò sì tẹ orí ba láti wo inú rẹ̀. Ọ̀tún á di òsì nínú gíláàsì náà: bí oníjó bá ń yí lọ sí ọ̀tún, òsì ni ẹni tó ń wò ó yóò rí i pé ó ń lọ. Lẹ́yìn àwòrán méjìlá, fíìmù ti tán, ó sì di dandan kó dúró, kó ṣí kámẹ́rà, kó fi òmíràn sí i.

Ohun mẹ́ta ni ìṣesí yìí ń bí. Èkíní ni sùúrù, nítorí ẹni tó ní àwòrán méjìlá péré lọ́wọ́ kò lè máa yà bí ẹni ń da omi. Èkejì ni pé ìsàlẹ̀ ni lẹ́ńsì ti ń wòran, kì í ṣe láti ibi tí ojú ẹni tó dúró wà. Ẹ̀kẹta ni pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fírémù dọ́gba, kò gùn bíi ti 35mm. Irú fírémù bẹ́ẹ̀ kì í fa ojú lọ sápá ọ̀tún tàbí òsì, àárín gbùngbùn ló ń pe ojú sí.

Bí a bá gbé àwọn ohun mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ èrò àwọn onímọ̀ nípa ẹwà nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, a ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Rowland Abíọ́dún ti tẹnu mọ́ ìfarabalẹ̀, ojú-inú àti ojú-ọnà gẹ́gẹ́ bí àbùdá oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́. Robert Farris Thompson gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi jíjọra, ìfarahàn àti gígún lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń díye lé ère. Stephen Sprague, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1978 lórí fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, fi hàn pé àwọn onífọ́tò Yorùbá fúnra wọn ti ní ìlànà yìí: ẹni tí a ń yà á jókòó gún, á kọjú sí kámẹ́rà, ojú rẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á hàn. Fírémù onígun dídọ́gba àti lẹ́ńsì tó rẹlẹ̀ ń ran irú ìrísí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bóyá ìdí kan nìyí tí àwòrán Verger kì í fi ṣe àjèjì lójú Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ló yà á.

Ọdún Ògìyán nínú fírémù onígun dídọ́gba

Nínú ìtàn tí Verger kọ sílẹ̀, Akínjọlé wá láti Ifẹ̀ ó sì jọba ní Èjìgbò. Ó fẹ́ràn iyán gan-an débi pé ìfẹ́ iyán yìí wọ inú orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ babaláwo dé láti ìrìn-àjò, ó fi orúkọ àwàdà tó jẹ mọ́ iyán béèrè ọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kà á sí àrífín, wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìlú kan ìṣòro fún ọdún méje: òjò kọ̀, obìnrin kò bí, koríko kò sí fún ẹṣin. Nígbà tí a wádìí tí a sì tú babaláwo náà sílẹ̀, ó ní òun yóò dárí jì wọ́n, bí wọ́n bá ń fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún. Èyí ni ìtàn tó wà lẹ́yìn ìjà ọdún náà láàrin Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti Òkè Màpó. Verger tọ́ka sí i pé ojú kan náà hàn ní Bahia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún odó Òrìṣà Ògìyán, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá tínrín kan ara wọn.

Ìjà àti kámẹ́rà onísùúrù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi Rolleiflex ya ènìyàn púpọ̀ tó ń na ara wọn ní àtòrì ní láti mọ ibi tí ìjà ń lọ kó tó dé ibẹ̀, nítorí ohun tó ń rí nínú gíláàsì ti yí padà láti ọ̀tún sí òsì, àkókò kò sì sí láti ṣe àṣìṣe. Níbi tí oníkámẹ́rà kékeré ti lè ya ọgọ́rùn-ún àwòrán kó tó wá mú ọ̀kan, oníkámẹ́rà alábọ́dé ní láti yan àwòrán náà kó tó yà á. Iṣẹ́ ojú-inú nìyí ní tòótọ́: ohun tí a ó rí gbọ́dọ̀ ti wà lọ́kàn kí ó tó wà lójú.

Ìrẹlẹ̀ lẹ́ńsì náà tún ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Láti ìdodo ni ó ti ń wòran, bí ayàwòrán bá sì sún mọ́ ènìyàn tó gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, orí àti èjìká á yọ sójú ọ̀run, ọ̀pá tí a nà sókè á sì ga ju òrùlé lọ. Ènìyàn lásán á dà bí ère tí a gbé ka orí ìtẹ́. Àbùdá yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ Verger, òun ló sì mú kí àwọn olórìṣà rẹ̀ ní iyì tí a kì í rí nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn yà, níbi tí a ti ń to ènìyàn sí ìlà bí ẹni to ẹrù.

Ó rọrùn láti gba ibí yìí sọ pé ìtẹríba ayàwòrán níwájú òrìṣà ni: ẹni tó tẹ orí ba láti wo inú kámẹ́rà dà bí ẹni tó ń foríbalẹ̀. Èrò náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró. Láti 1932 títí tó fi dé Salvador ní 1946, Verger ti fi irú kámẹ́rà yìí rìn dé Polynesia, China, Mexico àti Peru, ó sì tẹ orí ba báyìí níwájú ẹni gbogbo. Irin-iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ lórí ba, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Bí ìbọ̀wọ̀ bá wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ibòmíràn ni a ti gbọ́dọ̀ wá a: nínú pé ó ń padà wá, pé ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin àwọn tó ń yà, àti pé ó fi ẹ̀gbẹ́ Èjìgbò kan ẹ̀gbẹ́ Bahia kí àwọn tó wà lápá méjèèjì òkun lè rí ara wọn. Lámèyítọ́ tó bá fi ìdúró ara ṣe ìdúró ọkàn ń yin kámẹ́rà ni, kò tíì yin ayàwòrán.

Níbo ni ilẹ̀ wà?

Ohun tó fi iyì fún ènìyàn yìí ní owó tó gbà. Bí lẹ́ńsì bá kọjú sókè, ọ̀run ló ń gbà, ilẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ nínú fírémù. Bí ó bá kọjú sókè síbẹ̀ níwájú ilé, ògiri méjèèjì á máa fara tìra wọn lókè bí ẹni pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ ya ilé kí ó dúró gún gbọ́dọ̀ mú kámẹ́rà tẹ́jú, kó sún sẹ́yìn, tàbí kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí i. Ìdúró méjèèjì kò bára mu: ìdúró tó gbé ènìyàn ga kọ́ ni yóò jẹ́ kí ilé gún. Àárín ijó àti ìjà ni Verger sì fẹ́ wà. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ọdún tó yà ní ilẹ̀ Yorùbá, ògiri amọ̀ àti òrùlé wà lẹ́yìn ènìyàn, wọ́n wà ní apá kan, kò sì hàn pé àwọn ni a wá wò.

Ní Èjìgbò, àdánù yìí ju ti ibòmíràn lọ. Ìlú náà kò ní Olúmọ, kò sì ní igbó ńlá bí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀dàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò igbó ní agbègbè rẹ̀. Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ń pe ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Irú ilẹ̀ yìí kì í tètè wọ ojú ayàwòrán tó ń wá ohun àrà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ni ìpìlẹ̀ ọdún tó ń yà. Ọdún Ògìyán ni ọdún iyán, ọdún iṣu tuntun. Iṣu kò sì lè wà láìsí ebè. Oko ebè tó tò lọ títí, tí òjìji ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sórí èkejì ní àárọ̀ kùtù, ni pẹpẹ àkọ́kọ́ òrìṣà yìí. Bí a bá rí ọ̀pá àtòrì tí a kò rí ebè, a rí ìjà, a kò rí ohun tí ìjà náà ń tọrọ: òjò, ọmọ, oúnjẹ. Ìtàn tí Verger kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ èyí, nítorí òjò àti koríko ni ègún náà kọ́kọ́ mú lọ. Àwòrán dákẹ́ níbi tí ìtàn ti sọ̀rọ̀.

Ilé tí a yà gẹ́gẹ́ bí ilé

Kì í ṣe pé Verger kò mọ ilé í yà. Ní 1985, ní São Paulo, ni a tẹ Da Senzala ao Sobrado jáde, ìwé tí Marianno Carneiro da Cunha kọ kó tó kú lórí ilé alárà Brazil ní Nàìjíríà àti ní Benin, Verger ló sì ni àwọn fọ́tò inú rẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà àti ọmọ wọn ni ìwé náà ń wá kiri, àwọn tó padà láti oko ẹrú tí wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀lú fèrèsé onítẹ̀, òpó aláràbarà àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894 àti mọ́ṣáláṣí ńlá Porto-Novo wà lára irú iṣẹ́ ọwọ́ tí ìran yìí fi sílẹ̀.

Níhìn-ín ni àǹfààní fíìmù alábọ́dé ti hàn kedere. Nígbà tí ayàwòrán bá sún sẹ́yìn tó sì mú kámẹ́rà tẹ́jú, fírémù onígun dídọ́gba á gba iwájú ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tó bá fẹ nẹ́gẹ́tíìfù náà lójú yóò rí bí a ṣe fi símẹ́ńtì mọ òdòdó sára ògiri àti ibi tí a ti tún un ṣe. Irú ẹ̀rí yìí ti di ọ̀ràn ìyè àti ikú fún ilé. Ilojo Bar ní Tinubu Square ní Èkó, tí a kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ìwé òfin kò gbà á là. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán nìkan ló kù tó lè sọ fún ọ̀mọ̀lé pé báyìí ni òpó ṣe rí.

Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ bi ìwé náà léèrè: kí ló mú kí ilé yẹ ní yíyà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ó ní ìtàn Brazil nínú. Ojú Bahia ni a fi ń wo ilé, gẹ́gẹ́ bí ojú Bahia ti wà nínú bí a ṣe ń wo òrìṣà. Ìwọ̀n yìí bá Èkó àti Porto-Novo mu, ṣùgbọ́n kò lè wọn Èjìgbò. John Michael Vlach ti fi hàn ní 1984 pé ilé àwọn Àgùdà kò dúró sí etí òkun. Ó wọ inú ilẹ̀, ó bọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ó sì di ilé gbogbo ayé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàrin, tí yàrá sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì ni, nítorí inú rẹ̀ ni a bí ọ̀pọ̀ wa sí. Ṣùgbọ́n òun ló rọ́pò agbo ilé alákọ́dì, níbi tí yàrá ti yí àgbàlá ká tí òjò sì ń rọ̀ sí àárín. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rọ́pò àkọ́dì, bí ọmọ ilé ṣe ń rí ara wọn lóòjọ́ yí padà. Ìyípadà yìí kò kéré sí ti òpó aláràbarà lẹ́nu ọ̀nà olówó Èkó.

Àlọ àti àbọ̀ kejì

Ẹni tó bá rin Èjìgbò yóò rí ìpele ìtàn yìí lórí ilé: ògiri amọ̀ àwọn agbo ilé àtijọ́, ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àti ilé tuntun tí owó ìrìn-àjò kọ́. Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ti Brazil. Àbíjàn ni. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé a ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò, ìlú tí ìjọba Faransé kò jẹ lé lórí rí. Ìyá ìlú kọ̀ọ̀kan ní òkè òkun tirẹ̀. Verger fi ìgbésí ayé rẹ̀ tọ ipasẹ̀ àlọ àti àbọ̀ tó wà láàrin Benin àti Bahia. Àlọ àti àbọ̀ kejì yìí, èyí tí a kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú ẹnikẹ́ni lọ, tó sì ń fi símẹ́ńtì àti bíríkì kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú Èjìgbò, kò sí nínú àwọn ìwé rẹ̀ tí a ti dárúkọ.

A kò dá Verger lẹ́bi fún èyí. Òrìṣà ló wá, òrìṣà ló sì rí. Ẹ̀bi wà bí àwa tó dé lẹ́yìn bá gba ààlà ìbéèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààlà ìlú, tí a sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé Èjìgbò ni ìlú ọdún Ògìyán, kí a sì dákẹ́ síbẹ̀.

Pé kámẹ́rà kọ́ ló dá ààlà náà sílẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ Akinbode Akinbiyi. A bí i ní Oxford ní 1946, ọmọ Nàìjíríà ni òbí rẹ̀, Berlin ló sì ń gbé. Kámẹ́rà alábọ́dé onílẹ́ńsì méjì ni òun náà ń lò, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Àmọ́, kò sáré tọ ọdún lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ló fi ń rin ìlú ńlá bí Èkó, Cairo, Kinshasa àti Johannesburg, ohun tó sì ń yà ni ìgboro gan-an: ògiri, àkọlé ara ògiri, etí òkun, ẹni tó ń kọjá lọ. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìrẹlẹ̀ lẹ́ńsì kò sọ ẹnikẹ́ni di ère. Ó jẹ́ kí kámẹ́rà lè wà láàrin èrò láìpe ara rẹ̀ ní alágbára, nítorí ẹni tó wolẹ̀ kò dà bí ẹni tó tajú mọ́ni. Irin-iṣẹ́ kan náà, ojú-ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí Akinbiyi bá lè fi irú kámẹ́rà yìí sọ ògiri di ohun tí a ń wò, kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é fún ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Èjìgbò, tàbí fún oko ebè ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Kíka ẹ̀yìn àwòrán

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta nẹ́gẹ́tíìfù Verger ló wà ní Salvador, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1988 láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ti Èjìgbò wà lára wọn. A ti lo iwájú àwòrán wọ̀nyí tó: ẹni tó ń jó, ohun tó wọ̀, ohun tó mú lọ́wọ́. Ohun tí a dámọ̀ràn ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn wọn. Fíìmù tó jẹ́ mìlímítà 56 níbùú àti lóròó kò pa ẹ̀yìn rẹ́ tán, kódà nígbà tí ayàwòrán kò kọbi ara sí i. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ lójú, a lè mọ̀ bóyá koríko tàbí páànù ni òrùlé, bóyá fèrèsé ní ìlẹ̀kùn pákó, bóyá òpó wà lẹ́nu ọ̀nà, àti ibi tí ìta gbangba parí sí kí ilé tó bẹ̀rẹ̀. Láti inú àwòrán ìjà àtòrì, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwòrán ìlú tò.

Ṣùgbọ́n kíkà yìí kò lè parí ní Salvador. Àkọlé àwòrán inú Orixás sábà máa ń sọ òrìṣà àti ìlú, kì í sábà sọ orúkọ ẹni, kì í sì í sọ orúkọ ilé. Lójú Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe àlàfo kékeré. Agbo ilé ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ògiri tí a kò mọ ilé tó ni ín, amọ̀ lásán ni. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti Òkè Màpó ló lè wo ògiri kan kí wọ́n sì sọ pé ilé báyìí ni, ojúbọ báyìí ló wà níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ yìí wà lẹ́nu ènìyàn, kò sí nínú fíìmù, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá sì ń dín àwọn tó ní i kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa lè gbé ẹ̀dà àwòrán wọ̀nyí padà lọ sí ibi tí a ti yà wọ́n, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti oríkì tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ayé fóònù la wà, pé ọmọ Èjìgbò ń ya ilé àti ọdún lójoojúmọ́, kí ni a fẹ́ fi fíìmù olówó gọbọi ṣe? Òótọ́ ni pé fíìmù wọ́n, àti pé fóònù ti fi àwòrán sọ́wọ́ àwọn tí a máa ń yà nìkan tẹ́lẹ̀. Èrè ńlá ni èyí. Ohun tó yẹ kí a mú nínú kámẹ́rà alábọ́dé kì í ṣe fíìmù rẹ̀ dandan, ìwà rẹ̀ ni: pé kí a yàn kí a tó yà, kí a dúró pẹ́ níwájú ohun tí a ń yà, kí a sì yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò tíì bí yóò fi lè rí nínú rẹ̀ ohun tí àwa kò mọ̀ pé a yà. Fóònù lè ṣe èyí lọ́wọ́ ẹni tó farabalẹ̀. Rolleiflex kò sì ní ṣe é lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwòrán Verger ní Èjìgbò kì í ṣe fèrèsé lásán tí a ń gbà wo ìgbà àtijọ́. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n, tí ìrẹlẹ̀ lẹ́ńsì, ìdọ́gba fírémù àti ìwọ̀nba fíìmù jùmọ̀ mọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gbé ènìyàn ga, wọ́n sì ti ilé àti ilẹ̀ sẹ́yìn. Da Senzala ao Sobrado fi hàn pé ayàwòrán náà lè mú ilé wá síwájú bí ìtàn Brazil bá wà nínú rẹ̀, èyí sì jẹ́ kí a rí i pé ìbéèrè ni olórí ohun tó ń yan ohun tí a ó yà, kámẹ́rà ń tẹ̀lé e ni. Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwa tó ń béèrè ni àtúnṣe wà. Ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbo ilé tó ń wó, ilé tí owó Àbíjàn kọ́ àti ebè tó ń bí iyán Ògìyán yẹ kó ní ìbéèrè tirẹ̀. Ohun ìbéèrè náà sì ti wà nílẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn èjìká àwọn tó ń ja ìjà àtòrì, nínú fíìmù tó tóbi tó láti pa á mọ́ dè wá.